Ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé Àkọ́kọ́ Amos Tutuola, Bí A Bá Wò Ó Láti Tchetti

Nínú gbogbo ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá kọ, bóyá ni a óò rí èyí tí wọ́n ti bi òǹkọ̀wé rẹ̀ léèrè nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó The Palm-Wine Drinkard, ìtàn ọ̀mùtí kan tí Amos Tutuola kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber sì gbé jáde ní London lọ́dún 1952. Láti ọdún náà títí tí Tutuola fi kú ní Ìbàdàn ní 1997, àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè kò yé tọ̀ ọ́ wá láti mọ bí mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì kan tí kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ ní ilé ẹ̀kọ́ ṣe kọ ìwé tí ayé ń kà. Ó dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn ni àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò, kí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn mìíràn ṣe sí ìwé náà, kí a sì wò wọ́n láti Tchetti, ìlú kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Savalou ní orílẹ̀-èdè Benin, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Togo, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń sọ Ifẹ̀, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí àwọn Faransé máa ń pè ní Ana, tí wọ́n sì tún ń sọ ní Atakpamé ní òdìkejì ẹnubodè. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà yóò rí ohun kan tí ẹni tó jókòó sí Èkó lè ṣàìkíyèsí: pé kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn mìíràn ti pinnu èdè tí yóò mọ̀ ọ́n kọ.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí Tutuola ní agbègbè Abẹ́òkúta, sínú ìdílé àwọn Kristẹni tó ń ṣe oko kòkó. Nítorí pé owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí, wọ́n fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan tó ń jẹ́ F. O. Monu, tí òun náà, dípò kó máa san owó iṣẹ́ fún un, fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Salvation Army ní 1934. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Èkó, ó kàwé díẹ̀ níbẹ̀, ó tún padà sí Abẹ́òkúta. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ sì kú ní 1939, kò sí ẹni tí yóò tún sanwó, ẹ̀kọ́ ìwé dópin. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ irin yìí náà ni ó sì ṣe fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó láti 1942 títí di 1945. Nígbà tí ogun parí, ó fẹ́ dá ilé àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí yóò fi ra irinṣẹ́ kò sí; ó wà láìríṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó rí iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ní Èkó.

Iṣẹ́ yìí ni ìdáhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ dá lé. Mẹ́sẹ́ńjà ni ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí ọ̀gá yóò fi pè é; bí ọ̀gá bá pè é, yóò gbé fáìlì láti orí tábìlì kan lọ sórí òmíràn, yóò sì padà wá jókòó. Ọjọ́ a máa gùn fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tutuola sọ pé kí ìjókòó lásán má baà sú òun ni òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sórí àwọn bébà tí ọwọ́ òun bà ní ọ́fíìsì. Ìdáhùn tí ó wu àwọn oníwèé ìròyìn jù lọ nìyí, nítorí pé ó mú kí ìwé náà dà bí ẹni pé ó ṣèèṣì bọ́ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ti gbà nípa rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìdáhùn kejì, tó jẹ́ pé ìgbà tí ó dàgbà ni ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, sọ nípa ìwé ìròyìn kan tó ń tẹ àwòrán àwọn òrìṣà àti ìtàn nípa àṣà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ra ẹ̀dà kan, ó kà á, ó sì rántí pé nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́, apààlọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òun ń fetí sí ni òun jẹ́. Kí ló dé tí òun náà kò lè kọ tòun? Ọjọ́ kejì ni ó mú kálàmù. Ìtàn náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi kọ ọ́ ní ìkọ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lo oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà láti máa fi kún un, kí ó sì dà á kọ. Ẹni tó bá gbàgbọ́ pé ọwọ́ dídilẹ̀ nìkan ló bí ìwé yìí yóò ní láti ṣàlàyé àwọn oṣù wọ̀nyẹn, nítorí ẹni tí ìjókòó lásán sú kì í fi oṣù tún nǹkan kan ṣoṣo ṣe.

Ìdáhùn kẹta ni ó sọ nípa àgbàlagbà kan tó ń gbé inú oko ọ̀pẹ, ẹni tí ó lọ kí lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tí bàbá náà fi iṣu sísun àti ẹmu ṣe é lálejò, tí ó sì ti ibi ẹmu dé ibi ìtàn ọkùnrin tí kò mọ̀ ju ẹmu mímu lọ. Kò yẹ kí a fojú kékeré wo ìdáhùn yìí. Àwọn òyìnbó tó fẹ́ tẹ ìwé náà fẹ́ mọ̀ bóyá Tutuola ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà látinú orí ara rẹ̀ tàbí ó gbà á lẹ́nu àwọn baba ńlá, débi pé wọ́n kọ̀wé sí onímọ̀ àṣà ẹ̀dá kan ní yunifásítì London, Daryll Forde, láti wádìí. Ní tòótọ́, àwọn ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ta ko ara wọn. Èkíní sọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, èkejì sọ ohun tó kì í láyà, ẹ̀kẹta sọ ẹni tó ni ìtàn. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ló yàtọ̀, àwọn tó wá béèrè ni kò mọ̀ pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ń bi í.

Ohun tó wà nínú ìtàn náà fúnra rẹ̀ fi hàn bí ọwọ́ méjèèjì, ti àtẹnudẹ́nu àti ti òǹkọ̀wé, ṣe pàdé. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko ọ̀pẹ kan tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un, ìyẹn ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti dá ẹmu. Adẹ́mu yìí ń dá 150 kẹ̀ẹ̀gì ẹmu láràárọ̀, ọ̀mùtí á ti mu gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó di aago méjì ọ̀sán, adẹ́mu á tún dá 75 mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí adẹ́mu já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú ni ọ̀mùtí gbéra láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Àsọdùn jẹ́ ti apààlọ́, gbogbo ẹni tó bá ti jókòó níbi àlọ́ lálẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí a fi iye kẹ̀ẹ̀gì àti aago sínú àlọ́, ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn, níbi tí gbogbo nǹkan ti ní nọ́ńbà àti àkókò. Bákan náà ni ìtàn ọmọbìnrin tó tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà, tí arẹwà náà sì ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó wọn lójú ọ̀nà títí tí ó fi ku agbárí nìkan: kì í ṣe Tutuola ló dá a sílẹ̀, nítorí Elphinstone Dayrell, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, ti gba irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà Calabar, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1910, ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó bí Tutuola. Ohun tí Tutuola fi kún un ni owó ìyálò, bí ẹni pé àwọn ẹ̀yà ara wà ní ìkáwọ́ olókòwò kan tó ń ka ọjọ́.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní àkọ́kọ́ kì í ṣe àkọ́kọ́ tí ó kọ. Ṣáájú rẹ̀ ni The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts, ìtàn ọdẹ kan nínú igbó àwọn iwin, tí Tutuola kọ, tí ó sì fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí 1948 sí Focal Press ní London. Focal Press kì í tẹ ìtàn. Ìwé nípa àwòrán yíyà fún àwọn oníkámẹ́rà ni iṣẹ́ wọn. Tutuola kọ̀wé sí wọn pé òun ní ìtàn iwin pẹ̀lú fọ́tò àwọn iwin náà, èyí sì mú kí wọ́n fẹ́ rí i. Nígbà tí ẹrù dé, àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà tí wọ́n sì wá ya ní fọ́tò ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Wọ́n ra ìwé àfọwọ́kọ náà, wọ́n kó o pamọ́, kò sì di ìwé títẹ̀ títí di 1982, nígbà tí Bernth Lindfors, olùkọ́ yunifásítì ará Amẹ́ríkà, ṣètò rẹ̀ fún títẹ̀. Èyí tó jẹ́ àkọ́bí gan-an tipa bẹ́ẹ̀ lo ọgbọ̀n ọdún ó lé nínú àpótí nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń gba orúkọ àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣẹ̀sín, nítorí ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Tutuola ti ń ronú nípa ohun tí òyìnbó tó ń tẹ̀wé lè fẹ́ rà. Mẹ́sẹ́ńjà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lásán kì í wá àdírẹ́sì atẹ̀wé ní London.

Ọ̀nà tí The Palm-Wine Drinkard gbà dé London kò yàtọ̀ púpọ̀. Tutuola rí ìpolówó kan tí ẹgbẹ́ United Society for Christian Literature, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tó ń tẹ ìwé fún àwọn ìjọ, fi sínú ìwé ìròyìn, ó sì fi ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ìtàn ọ̀mùtí àti àwọn iwin kò lè wọ inú ìwé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá a padà. Ẹnì kan láàárín wọn rí i pé ohun tó ṣàjèjì ni, ó sì kà á yẹ láti fi í ṣọwọ́ sí Faber and Faber, ilé ìtẹ̀wé tí akéwì T. S. Eliot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, oore tí ẹni náà ṣe ni wọ́n kì í sábà rántí.

Faber ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí èdè rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ bí ó ti wà. Wọ́n tilẹ̀ tẹ ojú ewé kan láti inú ìwé àfọwọ́kọ sínú ìwé náà, kí òǹkàwé lè rí ọwọ́ ìkọ̀wé Tutuola fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí alátùn-únṣe ti fi kálàmù kàn án. Ojú ewé yìí ṣe iṣẹ́ méjì. Fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí, ẹ̀rí ni, nítorí ó jẹ́ kí a mọ ohun tí òǹkọ̀wé kọ yàtọ̀ sí ohun tí ilé ìtẹ̀wé fẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó rà á ní London, ohun ìwòran ni, bí ìgbà tí oníṣòwò bá ṣí igbá kó lè fi han oníbàárà pé ojúlówó ni ọjà inú rẹ̀. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer ní oṣù Keje 1952, Grove Press tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1953, ibẹ̀ ni Tutuola sì ti sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣókí ní ìparí ìwé, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wo bí ó ṣe rìn ín.

Nílé, inú àwọn ọ̀mọ̀wé kò dùn. Ní 1954, nínú ìwé ìròyìn West Africa, àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ̀wé pé Gẹ̀ẹ́sì Tutuola kò dára, pé ó ń ba orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ lójú òyìnbó, àti pé ohun tí ó kọ ti wà nínú ìwé D. O. Fagunwa. Ẹ̀sùn ìkẹyìn yìí ní ìdí díẹ̀. Fagunwa, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ti kọ ìwé àkọ́kọ́ tirẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, fún ìdíje kan tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 1936, ìjọ C.M.S. sì tẹ̀ ẹ́ ní 1938. Ọ̀nà tí akọni inú rẹ̀ gbà wọ igbó tí ó sì bá ẹ̀dá àràmàǹdà pàdé kò jìnnà sí ti Tutuola. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ẹ̀sùn náà kàn án gbàgbé pé orísun kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọnmi, orísun tí kò sí ẹni tó lè fi àgádágodo tì í. Ní ti ẹ̀sùn Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ tó tọ́ ni pé àwọn tó kọ lẹ́tà náà ka ìwé náà bí tíṣà tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọléèwé, wọn kò sì gbọ́ pé ìró gbólóhùn Yorùbá ni Tutuola ń tẹ̀lé. Chinua Achebe, nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1977, ló wá fi hàn ní gbangba pé ìtàn ọ̀mùtí jẹ́ ìtàn tó lẹ́kọ̀ọ́ nínú, nípa ẹni tó fi eré dípò iṣẹ́ àti ohun tó jẹ níyà.

Ibí yìí ni Tchetti wọ inú ọ̀rọ̀. Fagunwa lè kọ ìwé rẹ̀ ní Yorùbá nítorí pé láti ọdún 1843 tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, títí dé Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nárì Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 àti Bíbélì tí ó pé ní 1884, àwọn ìjọ ti fi Yorùbá sínú ìwé, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Ní ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà mìíràn ni nǹkan gbà. Àdéhùn tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Jámánì ṣe ní 1897 pín ilẹ̀ Ifẹ̀ sí méjì: Atakpamé bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, Tchetti sì wà lọ́wọ́ Faransé pẹ̀lú àwọn Ìṣà, tí èdè wọn náà jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, tó wà ní Bantè àti àwọn Máhì tó wà ní Savalou. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ ní Dahomey, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe Benin nígbà náà, Faransé nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní Tchetti ní 1920, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ Tutuola, bí ó bá tilẹ̀ rí ilé ẹ̀kọ́ lọ, kò lè kọ́ bí a ti ń kọ èdè ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé àlọ́ kò sí lẹ́nu àwọn àgbà rẹ̀. Ohun tí kò sí ni ìwé kíkà, ìdíje, ilé ìtẹ̀wé ìjọ àti àwọn tíṣà tó ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan tí ó yí Fagunwa ká kí ó tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Tutuola náà, tí ó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọmọ ìlú tí bébà ti pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ ní Tchetti lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá kàwé ní ìhà Savalou, èdè Faransé ni ó fi lè bá ọ̀mùtí pàdé. Raymond Queneau, òǹkọ̀wé tó gbajúmọ̀ ní Paris, túmọ̀ ìwé náà, Gallimard sì gbé e jáde ní 1953 pẹ̀lú orúkọ L'Ivrogne dans la brousse, ọdún kan péré lẹ́yìn ti London. Ó yára dé èdè Faransé jù bí ó ṣe dé Yorùbá lọ. Benin náà sì ní ọwọ́ díẹ̀ nínú ohun tó tẹ̀lé e: Geoffrey Parrinder, tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé kejì Tutuola, My Life in the Bush of Ghosts, ní 1954, jẹ́ míṣọ́nárì Mẹ́tọ́díìsì tó ti ń kọ́ni ní Porto-Novo láti 1933 kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn ní 1949. Ohun tí ó mọ̀ nípa ẹ̀sìn àwọn Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wọn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ ní ìhà ibẹ̀.

Yorùbá ni ìwé náà padà sí nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé kíkà. Tutuola ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní 1956, ó ti di olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Ìbàdàn, ó sì lọ́wọ́ nínú bí ìtàn náà yóò ṣe di eré orí ìtàgé. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olórí ẹgbẹ́ eré alárìnkiri, gbé e kalẹ̀ ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí Ọ̀mùtí, pẹ̀lú ìlù, orin àti ijó, fún àwọn tí kò lè ka ojú ewé kan nínú ti Faber. Ìgbà yìí ni àwọn tó ni àlọ́ náà tó rí i gbọ́ ní èdè tí ó ti jáde.

Ní ti Tchetti, àyè ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ìjọba Benin fi àṣẹ gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀ ní 1975, èyí tó fi ɛ àti ɔ sí ipò tí àwọn ará Nàìjíríà ń fi ẹ àti ọ sí, tó sì fi sh àti kp sí ipò ṣ àti p. Àǹfààní wà nínú rẹ̀, nítorí pé èdè kékeré àti èdè ńlá Benin ní ọ̀nà kíkọ kan náà. Àdánù tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn ṣàjèjì lójú ẹni tó fi álífábẹ́ẹ̀tì Benin kọ́ ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá kà á sókè, etí rẹ̀ yóò gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìwé àfọwọ́kọ Tutuola àti lẹ́tà rẹ̀ púpọ̀ wà báyìí ní ilé ìkówèésí Harry Ransom Center ní yunifásítì Texas, ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, wọn kò sí ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn. Ohun tó mú kí a lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wé ọ̀rọ̀ inú bébà ni pé àwọn kan tọ́jú bébà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé àkọ́kọ́ yín ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìṣà, ní Tchetti, Bantè tàbí Atakpamé, ẹ má ṣe da ìkọ àkọ́kọ́ yín nù, ẹ má sì jó lẹ́tà tí ilé ìtẹ̀wé bá kọ sí yín. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan síbi tí àwọn ará ìlú yín ti lè rí i kà.